Òkúta Tí Omi Gbé Wá

Bí a bá ń lọ sóko lọ́nà Kuta, ìyá bàbá mi a dúró kí òkúta ràbàtà kan. Àáfà ti sọ fún wọn pé ìkún omi ayé Ànábì Núhù ló gbé e wá láti ọ̀nà jíjìn.

"Àlejò, ẹ kú ìrìn. Ẹ ò rí ọmọ mi lọ́nà?"

Odò Ọbà ló kún, tó gbé àbígbẹ̀yìn wọn lọ. A ò rí òkú rẹ̀ sin.

Mo ní, "Ìyá àgbà, òkúta kì í sọ̀rọ̀."

"Ìwọ tó ń sọ̀rọ̀, ṣé o rí i?"

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun tó jẹ́ kí wọ́n tọ́ mi dàgbà. Lọ́jọ́ tí àwọn tó ń la ọ̀nà fún òyìnbó fọ́ òkúta náà, mo rò pé ìyá àgbà yóò sunkún. Wọ́n kàn wo èérún rẹ̀ títí, wọ́n ní, "Òun náà ò ní padà sílé mọ́ nìyẹn."