Ohùn Tín-ín-rín Inú Sípíkà Télọ̀

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín èmi àti Télọ̀, ògiri náà ò sì nípọn. Bó bá ti tan ẹ̀rọ orin rẹ̀ báyìí, àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù mi a máa gbọ̀n. Mo ti kanlẹ̀kùn rẹ̀ títí ó fi sú mi.

"Télọ̀, ṣé ẹ fẹ́ wó ilé yìí lé wa lórí ni?"

"Tíṣà, ẹ má bínú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ àwọn sípíkà ńlá ni."

Àwọn sípíkà ńlá tó ń dún gbì-gbì ló fẹ́ràn. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń ra bàtà, sípíkà ni tirẹ̀. Téèpù tó fi ń wọn àyà oníbàárà ló fi wọn àyè láti etí rẹ̀ dé ara àpótí sípíkà kọ̀ọ̀kan; ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí aṣọ ló fi fa ìlà yí wọn ká lórí sìmẹ́ńtì. Ó fà wọ́n kúrò ní kọ̀rọ̀ kí ohùn má baà kùn. Ó fi àwọn ògbólógbòó kóòtù kọ́ ara ògiri kí ohùn má baà máa ta padà. Àga kan ṣoṣo ló dojú kọ wọ́n. Mo bi í pé níbo ni àlejò máa jókòó.

Ó ní, "Àlejò wo?"

Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ìyàwó náà ti bí ọmọbìnrin kan kó tó fẹ́ ẹ, ọmọ náà ṣì ń rákò nígbà tí wọ́n kó wá. Télọ̀ ló tọ́ ọ, òun ló rán gbogbo aṣọ iléèwé rẹ̀, títí ọmọ fi di nọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde wọn, ibà dá Télọ̀ dùbúlẹ̀, kò lè lọ. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà sọ níbẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Ohun tó gbọ́ nìyí:

"Bàbá mi ńkọ́? Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé àwọn kọ́ ló bí mi. Wọn ò fẹ́ mi rí."

Àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́! Télọ̀ sọ fún mi pé pàtẹ́wọ́ yẹn ló dun òun jù.

Kò bi ọmọ náà léèrè. Bí ọmọ bá wá kí i, "hẹn" àti "ó dáa" ni. Ọmọ ò mọ ohun tóun ṣe. Nígbà tó yá, kò wá mọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ ìyẹn fún olórí kunkun? Ó jókòó sórí àga kan ṣoṣo yẹn, ó ń gbọ́ orin, kò sí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì tún bí mi sí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni waya kan já, ló bá pe oníṣẹ́ rédíò. Èmi náà lọ, kí n lè bẹ̀ ẹ́ kó bá mi dín ariwo yẹn kù. Oníṣẹ́ rédíò tú àpótí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ ń pààrọ̀ àwọn ńlá, ẹ ò wo àwọn kéékèèké tó wà lókè! Wọ́n ti kú tipẹ́. Àwọn ló ń gbé ohùn tín-ín-rín jáde. Láìsí wọn, bí èèyàn bá pe 'sss', 'fff' lẹ máa gbọ́."

Télọ̀ ní kó fi tuntun sí i. Nígbà tó ṣe é tán, Télọ̀ lọ gbé kásẹ́ẹ̀tì náà wá.

"Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé àwọn kọ́ ló bí mi. Wọn ò sẹ́ mi rí."

Sẹ́ ni, kì í ṣe fẹ́. Mo gbọ́ ọ, oníṣẹ́ rédíò náà gbọ́ ọ. Télọ̀ dá a padà, ó tún gbọ́ ọ, ló bá fọwọ́ bojú.

"Tíṣà, èmi gan-an ni mo wá sẹ́ ẹ."

Ó na fóònù sí mi, èmi ni mo bá a tẹ nọ́ńbà ọmọ náà.

"Ta ni yìí o?" Ọmọ ò dá ohùn rẹ̀ mọ̀.

"Bàbá rẹ ni. Ọmọ mi, mi ò sẹ́ ọ mọ́."

Fóònù ń kùn, òun náà ò gbé ohùn tín-ín-rín jáde. Ọmọ náà ní, "Ẹ ò fẹ́ mi mọ́ kẹ̀? Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbọ́ dáadáa. Kí lẹ sọ?"

Ìbéèrè tí Télọ̀ ò lè béèrè láti ọjọ́ yìí, ọmọ béèrè ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Omi bọ́ lójú ọkùnrin náà.

"Fóònù ò lè gbé e," ló wí. "Máa bọ̀ nílé."

"Mò ń bọ̀, bàbá."

Télọ̀ gbé fóònù sílẹ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n yá òun ní àga kan.