Kí Ni Wọ́n Ń Fi Àbúrò Mi Ṣe ní Kégué?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́bí, kí n ròyìn ohun tójú mi rí ní Lomé yìí.

Àbúrò mi ọkùnrin, Mufu, ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Adidogomé, ó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Ẹnu ẹ̀ le! Fídíò àwọn tó ń pariwo pé ọkùnrin gidi kì í bẹ obìnrin ló ń wò ṣáá. Àfí, ọ̀rẹ́bìnrin ẹ̀, ò lè gba ìpè lórí fóònù kó má bi í léèrè ẹni tó ń pè é. Mo bá a wí títí, ó ní obìnrin ò lè kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń ṣe ọkùnrin.

Lọ́jọ́ kan, mo ṣàdédé bá a tó ń fọ abọ́! Lọ́sẹ̀ yẹn náà ló bẹ Sékínà, ọmọ mi, pé kó má bínú pé òun jágbe mọ́ ọn. Mufu tèmi? Ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀yin náà ńkọ́, ẹ̀rù ò ní bà yín?

Mo wá ṣàkíyèsí pé gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló ń jáde. Ó ní ọ̀dọ̀ Kóòṣì lòun ń lọ ní Kégué. Ṣé bọ́ọ̀lù ni? Ó ní rárá.

"Àǹtí, ọ̀rọ̀ ọkùnrin là ń sọ."

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin wo? Ẹgbẹ́ awo lọkàn mi lọ. Láyé yìí, ta ló ń kó ọmọ ọlọ́mọ jọ lọ́fẹ̀ẹ́?

Lọ́jọ́ Àìkú kan, mo gun zémi, ọ̀kadà tiwa níbí, mo ní kó máa tẹ̀ lé zémi tó gbé Mufu. Inú àgbàlá kan ló wọ̀. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, mo ń yọjú. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ọ̀kan ń sunkún lórí bàbá ẹ̀ tó kú. Ẹnikẹ́ni ò fi í ṣẹ̀sín. Ọkùnrin kan tó ti hewú, Nàgó ará Sàkẹ́tẹ́, dúró dè é kó sunkún tán. Kóòṣì nìyẹn. Ó wá bi wọ́n pé tí ọmọbìnrin bá ní òun ò fẹ́ wọn mọ́, kí ni wọ́n máa ṣe? Ẹnì kan ní òun á gbá a létí!

Ara mi ò gbà á mọ́. Mo wọlé.

"Ẹ káàsán o. Kí lẹ̀ ń rí jẹ nínú èyí?"

Mufu dorí kodò. Kóòṣì ní kí n jókòó. Ó ní àkọ́bí òun lu ìyàwó ẹ̀ títí ojú obìnrin náà kan fi fọ́. "Ọgbà ẹ̀wọ̀n ló wà báyìí, ìyá. Èmi ni mo kọ́ ọ pé ọkùnrin kì í gbà fóbìnrin."

Mo ní mo gbọ́. Ó tún wò mí. "Nígbà tí Mufu ń jágbe mọ́ yín, ṣé ẹ tẹ̀ lé e lọ wo ẹni tó ń kọ́ ọ?"

Ọ̀rọ̀ náà gún mi, mo dìde. Síbẹ̀, mo fura délé. Ta ni ò mọ ìtàn án pa?

Kò pẹ́ sígbà náà ni Àfí wá bá wa nírọ̀lẹ́. Lójú mi ló ti sọ ọ́: òun rí i pé Mufu ti yí padà, ṣùgbọ́n ọkàn òun ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Mufu dìde. Mo sáré bọ́ sáàárín wọn! Mufu kọjú sí Àfí.

"Ṣó o ti rò ó dáadáa?"

Àfí ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Mo gbọ́. Má bínú nítorí gbogbo ohun tí mo ti ṣe sí ẹ."

Ó sìn ín dé ìta, ó bá a dá zémi dúró. Nígbà tó padà, ó jókòó sórí àpótí ní ilé ìdáná, ó bú sẹ́kún. "Àǹtí, ó dùn mí o." Ó ti dé ètè mi pé, ṣebí ọkùnrin ni ẹ́! Mo gbé e mì. Mo fà á mọ́ra.

Ìfura loògùn àgbà, ẹ má fi sílẹ̀. Mo ṣì ń yọjú sí àgbàlá yẹn! Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ọmọkùnrin tí a ò bá kọ́, ẹlòmíì á kọ́ ọ.

Nílé tiyín ńkọ́? Ta ló ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin yín bí wọ́n ṣe ń ṣe ọkùnrin? Ẹ sọ tiyín, mo ń kà á.