Bọ́ọ̀sì Tí Ìyá Téèpù Rán

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Ìyá Téèpù, ọrùn rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wò. Téèpù aránṣọ kan wà níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ó ti gbó débi pé nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ ti pa rẹ́. Kò ra òmíràn. "Ṣé mi ò mọ ohun tó ṣáájú mẹ́rin ni?" Bẹ́ẹ̀ ló máa ń dá àwọn tó bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lóhùn. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi jókòó sí fàráńdà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní kọ́nà àdúgbò náà, ẹ̀rọ ìránṣọ níwájú rẹ̀, òpó fàráńdà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni ìmọ́lẹ̀ ti tó láti fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.

Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń pè ní Dẹ́rẹ́bà. Ọdún méjìlélógún ló fi wa bọ́ọ̀sì ìlú. Kò gbá ẹnikẹ́ni, kò sì pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kú tì. Dókítà ò fi ọ̀rọ̀ náà bọpo bọyọ̀: "Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni kí wọ́n máa wá fún ìtọ́jú ẹsẹ̀, fún oṣù mẹ́fà gbáko. Bí oṣù mẹ́fà yìí bá kọjá lásán, ẹsẹ̀ yẹn ò ní dìde mọ́."

Ilé ìwòsàn ò jìnnà. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni bọ́ọ̀sì ń já èrò sí. Bọ́ọ̀sì gan-an ló jìnnà. Ọ̀nà ńlá ló ń gbà, tó ń yí àdúgbò náà po bí ẹni tí kò fẹ́ kí aládùúgbò. Ìyá Téèpù ti ka ìṣísẹ̀ rẹ̀: ẹgbẹ̀rún kan ó lé ogójì láti ẹnu ilẹ̀kùn wọn dé ibùdókọ̀, òkè sì ni ìdajì rẹ̀. Àádọ́ta ìṣẹ́jú ló ń gba Dẹ́rẹ́bà. Tó bá fi máa débẹ̀, kò ní okun kankan mọ́ tí wọ́n fẹ́ tọ́jú. Àwọn onítakisí a máa wọ àdúgbò náà bó bá wù wọ́n. Kì í sábà wù wọ́n. Ní oṣù àkọ́kọ́, ìgbà mẹ́jọ ló yẹ kó lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ.

Ìyá Téèpù kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń rí sí bọ́ọ̀sì pé kí wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ gba àárín àdúgbò kọjá. Wọ́n fèsì. Ó tún kọ, wọ́n tún fèsì. Lẹ́tà mẹ́ta ló gbà, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, déètì nìkan ló yàtọ̀: kọ́nà tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ há jù. Ọkùnrin tó ń fọwọ́ sí àwọn lẹ́tà náà ni àdúgbò sọ ní Kò-Ṣeé-Ṣe. Kò dé kọ́nà náà rí láyé rẹ̀.

Nígbà kẹrin, ara rẹ̀ ló gbé lọ. Kò sọ fún Dẹ́rẹ́bà, nítorí ọkùnrin náà ti búra pé ìyàwó òun ò ní lọ máa bẹ̀bẹ̀ fún ọkọ̀ tí òun fọwọ́ ara òun wà. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì láti aago mẹ́jọ títí di mẹ́ta, ó ń gán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà. Bọ́tìnnì mẹ́rìndínlógójì ló gán kí wọ́n tó pè é wọlé. Kò-Ṣeé-Ṣe na ìka sí àwòrán ilẹ̀ kan lára ògiri.

"Màmá, ẹ wò ó fúnra yín. Ó há."

"Ẹ̀yin lẹ wọ̀n ọ́n, sà?"

"Bó ṣe wà níbí nìyẹn. Àwọn tó ṣáájú wa ló wọ̀n ọ́n."

"Láti ìgbà ọmọge ni mo ti ń ránṣọ, sà. Oníbàárà kan ò tíì gbé ìwọ̀n bàbá ẹ̀ wá kí n fi rán ṣòkòtò tiẹ̀."

Akọ̀wé kan tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ṣiṣẹ́. Àwọn irú Kò-Ṣeé-Ṣe, ìtìjú nìkan ló ń gbé wọn dìde lórí àga. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ fi hàn mí pé ó lè kọjá. Màá yọjú lọ́jọ́bọ̀." Ìyá Téèpù béèrè bí bọ́ọ̀sì wọn ṣe gùn tó àti bó ṣe fẹ̀ tó, ó kọ ọ́ sẹ́yìn ọwọ́, ó sì lọ sílé.

Kí lèèyàn ń retí kí aránṣọ ṣe? Ó rán bọ́ọ̀sì. Ó kó àjákù aṣọ ọdún méjì jáde, ó rán wọn pọ̀ di ẹyọ kan ṣoṣo: gígùn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ìbú mẹ́jọ, kò lé, kò dín. Ó fi aṣọ dúdú lẹ ibi tí táyà yóò wà. Nígbà tí Dẹ́rẹ́bà bi í pé kí nìyẹn, ó ní kọ́tìnì gbọ̀ngàn kan ni.

"Kọ́tìnì aláwọ̀ mẹ́rìnlá?"

"Ohun tí oníbàárà bá fẹ́ là á rán fún un."

Lọ́jọ́bọ̀, aládùúgbò méjìdínlógún di etí aṣọ náà mú, wọ́n nà án tán-ín-tán-ín, wọ́n sì rìn ín bọ̀ láti ọ̀nà ńlá. Níbi tí ọ̀nà ti gún, ó wuyì. Nígbà tí wọ́n dé kọ́nà, àwọn tó wà nínú dúró, àwọn tó wà lóde sáré, aṣọ náà wọ́, ó ká, ó sì kọjá láìfara kan nǹkan kan. Ẹnì kan pariwo ayọ̀. Kò-Ṣeé-Ṣe dé bírò rẹ̀.

"Màmá, tiyín ti ká kọ́nà dáadáa. Tiwa, irin ni wọ́n fi ṣe é."

Láti ìgbà ọmọge ló ti ń bá ohun tó ń ká ṣiṣẹ́; kò wá sí i lọ́kàn pé ohun kan wà tí kì í ká. Àṣìṣe aránṣọ ni, ẹlòmíràn ò lè ṣe é, ó sì ṣeé foríjì. Ohun tí kò ṣeé foríjì ni ẹ̀rín àwọn tó di aṣọ náà mú. Àwọn kan nínú wọn ní ìyá tó ń fọwọ́ di orúnkún gun òkè yẹn lójoojúmọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín síbẹ̀, wọ́n ju etí aṣọ sílẹ̀ sínú eruku, wọ́n sì lọ sílé. Òun nìkan ló ká a.

Dẹ́rẹ́bà ti rí gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé.

"Kọ́tìnì gbọ̀ngàn ti tán?"

"Ẹ má bínú, Bàbá wọn."

"Mi ò bínú pé o lọ. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé o rán ọkọ̀ láìbi dẹ́rẹ́bà." Ó fa páálí bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́ra, ó gbé e gba àárín ife méjì lórí tábìlì. "Wò ó. Táyà ẹ̀yìn kì í tọ ipa ti iwájú. Iwájú á gba ìta lọ, ẹ̀yìn á máa gé inú jẹ. Ibi tí àwọn dẹ́rẹ́bà tuntun ti ń fi ọkọ̀ ha ògiri nìyẹn. Lọ pe káfíńtà wá."

Káfíńtà dé, ó gbọ́ gígùn, ó gbọ́ ìbú, ó yọ fìlà. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé bọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ kàn, àbí pósí?"

"Tó o bá kan èyí dáadáa, èkejì á ṣì dúró ná."

Pákó ló fi kàn án, férémù lásán tí kò ní ògiri, tí kò ní òrùlé, ní ìwọ̀n bọ́ọ̀sì gan-an. Wọ́n tú táyà ọmọlanke méjì, wọ́n sì dè é sábẹ́ rẹ̀. Ti iwájú ṣeé yí pẹ̀lú ọ̀pá gígùn kan. Wọ́n kan àga ilé ìdáná mọ́ ibi tí dẹ́rẹ́bà máa ń jókòó. Kò-Ṣeé-Ṣe ránṣẹ́ pé òun ò ráyè eré mọ́. Ìyá Téèpù padà sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà tẹ̀lé e wá, ó kó akọ̀wé méjì dání láti wá bá a rẹ́rìn-ín.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Téèpù ya etí bọ́ọ̀sì aláṣọ rẹ̀, ó fi di ẹsẹ̀ ọ̀tún ọkọ rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ àga. Dẹ́rẹ́bà di ọ̀pá mú. Èèyàn mẹ́jọ dúró lẹ́yìn láti tì í, àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́bọ̀ sì wà lára wọn.

"Póò-póò!" Ẹnu ló fi fọn fèrè ọkọ̀. "Ẹ rọra tì í. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́tùn-ún, ẹ má sáré, èrò wà nínú ọkọ̀!"

Ó gba ìta lọ, ó lọ jìnnà débi tí gbogbo èèyàn fi rò pé ó ti ṣì í, ó wá fa ọ̀pá mọ́ra. Iwájú wọ àdúgbò láìkan nǹkan kan. Àárín wọ̀ ọ́. Nígbà náà ni nǹkan ró gbọ̀ọ́ lẹ́yìn. Táyà ẹ̀yìn ti kọlu òpó fàráńdà ṣọ́ọ̀bù Ìyá Téèpù.

"Ó há," ni Kò-Ṣeé-Ṣe wí. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ì bá fẹ́ kó má há.

Dẹ́rẹ́bà ò bojú wẹ̀yìn. "Ínǹṣì mélòó?"

Ìyàwó rẹ̀ ti wà lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú téèpù. "Mẹ́tàdínlógún." Ó yọ ṣọ́ọ̀kì aránṣọ lápò, ó fa ìlà sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà wá títí kan ìta. Òpó bọ́ sí apá tí ọkọ̀ máa gbà, ibi tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà náà bọ́ sí i. "Gbogbo aṣọ tí mo bá rán ni mo ń fi etí sílẹ̀ nínú rẹ̀, fún ọjọ́ tí ẹni tó ni ín bá sanra. Ọ̀nà yìí náà ní etí. Èmi ni mo jókòó lé e."

"Màmá, fàráńdà yín mà nìyẹn."

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Èmi ni mo ń gbá a."

Dẹ́rẹ́bà yí ọrùn padà wàyí. "Ibo lo máa jókòó?"

"Inú."

"O ò ní ríran níbẹ̀."

"Iná wà."

"Mo ní o ò ní ríran."

"Bàbá wọn, oṣù méjì ti lọ nínú mẹ́fà. Dókítà ò sọ pé òun máa fi òmíràn kún un."

Ìyá Téèpù wá kọjú sí Kò-Ṣeé-Ṣe, ó ní kó kọ ọ́ síbẹ̀, lójú gbogbo èèyàn, pé bí òpó bá kúrò, ọkọ̀ á kọjá. Ó kọ ọ́. Ìyá Téèpù ka ohun tó kọ, ó ní kó tún fi déètì sí i. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wó fàráńdà náà lórí ìlà ṣọ́ọ̀kì gẹ́lẹ́. Láti ọjọ́ náà, yàrá inú ló ti ń ránṣọ pẹ̀lú iná ní ọ̀sán gangan, ìlọ́po méjì àkókò ló sì fi ń wá ojú abẹ́rẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ọ́fíìsì náà lẹ ìwé kan mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: àwọn amòye wọn ti ṣàwárí ọ̀nà tuntun kan. Orúkọ aránṣọ ò sí níbẹ̀, ti dẹ́rẹ́bà ò sí níbẹ̀. Ìyá Téèpù kà á tán, ó fi téèpù wọ̀n ọ́n láti òkè àti láti ìsàlẹ̀. "Wọ́n lẹ̀ ẹ́ ní wíwọ́," ló sọ, ó sì wọlé lọ bá iṣẹ́ rẹ̀.

Ibùdókọ̀ tuntun jẹ́ ìṣísẹ̀ mọ́kànlá sí ilẹ̀kùn wọn. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ìṣísẹ̀ mọ́kànlá náà gba Dẹ́rẹ́bà, ìyàwó rẹ̀ sì di apá rẹ̀ mú. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọ̀kan nínú wọn yọ orí lójú fèrèsé: "Dẹ́rẹ́bà, ẹ jẹ́ ká lọ o, a ti pẹ́!"

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wa ọkọ̀ ò bínú. Òun nìkan ni wọ́n ti sọ ìtàn náà fún. "Ẹ ní sùúrù. Bàbá yìí ti wa ọkọ̀ kọjá níbí kí ọkọ̀ tó wà."

Dẹ́rẹ́bà gùn ún. Àga tó wà lẹ́yìn awakọ̀ ló yàn. Ìyá Téèpù dúró síbi tí ẹ̀rọ rẹ̀ máa ń wà tẹ́lẹ̀, ó gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ohùn líle tí kò gbọ́ láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti kú: "Má tíì yí i. Mo ní má tíì yí i! Gba ìta lọ, títí wàá fi dọ́gba pẹ̀lú ibi ìlà ṣọ́ọ̀kì. Ó yá. Yí i wàyí."

Ìyá Téèpù yẹ ẹsẹ̀ sẹ́yìn ní ínǹṣì mẹ́tàdínlógún, bọ́ọ̀sì náà sì kọjá.