Aṣọ Tí Oòrùn Kò Gbọdọ̀ Là Kọjá

Mo kọ́kọ́ rò pé ẹrù ni obìnrin kan fà wọ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi. Oòrùn Ìkàrẹ́ mú lọ́sàn-án ọjọ́ náà débi pé àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti ká apá aṣọ wọn sókè, òun sì fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo nǹkan kan láti òkè délẹ̀. Ìgbà tó ṣí i ni mo rí ọmọbìnrin bí ọmọ ọdún méje, tí òógùn bò, tó sì ń rẹ́rìn-ín sí mi. Àmì dúdú wínníwínní kún ojú àti ọwọ́ rẹ̀, ètè rẹ̀ sì ti bó.

Ọ̀kà ni wọ́n ti wá. Ràfíátù lorúkọ ọmọ náà. Ìyá rẹ̀, tó ń ta gààrí, sọ fún mi pé láti ìkókó ni oòrùn díẹ̀ bá ti kàn án, ara rẹ̀ á lé ròrò bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí. Àwọn kan ní ẹ̀tẹ̀ ni, àwọn kan ní ayé ló ń ṣe é. Dókítà kan ló wá là á yé wọn pé àìsàn tó ń bá ìran rìn ni. Bàbá gbé e dání, ìyá náà gbé e dání, kò sì hàn lára àwọn méjèèjì. Ọmọ tó bá wá gbà á lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, ara rẹ̀ kò ní lè tún ohun tí oòrùn bá bàjẹ́ ṣe. Kò sí oògùn tó lè lé e lọ. Bíbò ni kí wọ́n máa bò ó, kódà lọ́jọ́ tí ìkùukùu bá ṣú.

Ìyá rẹ̀ ti ra aṣọ alápá gígùn fún un, síbẹ̀ apá ọmọ ń jóná. Mo gba aṣọ náà, mo ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, mo nà án sí ẹnu ọ̀nà.

Mo ní, “Ìyá Ráfì, ẹ wò ó, mò ń rí ìka mi. Bí èmi bá rí ìka mi, oòrùn náà ń rí ara ọmọ yín.”

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yan aṣọ fún Ràfíátù nìyẹn. Èyí tí wọ́n hun pọ̀ dáadáa ni mo ń wá, màá sì fi dúdú tẹ́ inú rẹ̀, ohun tí àwa télọ̀ ń pè ní láínìn. Mo fa apá aṣọ dé orí ọwọ́, mo rán òrùka aṣọ sí i kí àtàǹpàkò lè wọ ibẹ̀, kó má baà sún sókè bó bá ń ṣeré. Mo rán ìbòjú mọ́ ọrùn, ó sì ń wọ awò dúdú sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó wọ èyí àkọ́kọ́, ó dúró gbagidi.

Ó kọjú sí mi, ó ní, “Màmá, ilé lẹ kọ́ fún mi, ẹ sì gbàgbé fèrèsé.”

Òótọ́ ló sọ. Mo tú u, mo la abẹ́ abíyá, mo sì fi aṣọ mìíràn borí ibi tí mo là náà, kí atẹ́gùn lè ráyè wọlé.

Àwọn ará Ọ̀kà gbà pé wọ́n ti sọ ọmọdé di ẹlẹ́hàá. Ìyá rẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó ní ìyẹn sàn ju ẹ̀tẹ̀ tí wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọdún ń gorí ọdún, Ràfíátù ka Kùránì tán. Ṣọ́ọ̀ṣì lèmi ń lọ, àwọn ló ṣàlàyé wòlíìmọ́tì fún mi: àwọn tó kà á tán á wọ aṣọ funfun, wọ́n á rìn yí ìlú ká, kí wọ́n tó wá kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn. Ìyá rẹ̀ ní kó jókòó sí mọ́ṣáláṣí de àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà bá a wá sí ṣọ́ọ̀bù, kò ké, kò bínú.

“Màmá, mo kà á bíi tiwọn,” ló wí. “Mo fẹ́ rìn ín bíi tiwọn.”

Funfun ló le jù nínú iṣẹ́ náà, torí ìmọ́lẹ̀ tètè máa ń là á kọjá. Mo fi dúdú tẹ́ inú rẹ̀, dúdú hàn síta, aṣọ dà bí èyí tí wọn kò fọ̀ mọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí. Mo fi funfun mìíràn há àárín wọn, ó mọ́, ṣùgbọ́n ó wúwo. Mo wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé aṣọ nìkan kò lè bá oòrùn ọ̀sán jà. Àwa méjèèjì lọ bá àlùfáà wọn.

Àlùfáà náà gbọ́ wa tán, ó ní àárọ̀ ni wọ́n ti ń rìn ín láti ayébáyé. Ó wá bi wá pé ìgbà wo ni òjìji òkè máa ń bo ojú ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ìyá Ráfì ní lẹ́yìn ìrun Àsárì ni, torí àpáta Ọ̀kà a máa dí oòrùn kó tó wọ̀.

Àlùfáà ní, “Nígbà náà ni gbogbo wọn á rìn.”

Àwọn òbí kan kùn pé oúnjẹ yóò tutù. Ó tutù lóòótọ́, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán.

Mo lọ sí Ọ̀kà lọ́jọ́ náà. Ràfíátù wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, bàbá rẹ̀ ń di agboòrùn lé e lórí. Èmi ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn, ojú mi kò kúrò lára ìbòjú yẹn, mo sì ń sún mọ́ ọn ní gbogbo ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́. Kò ṣí. Nígbà tó ń kà á ní mọ́ṣáláṣí, ìyá rẹ̀ ń fi gèlè nu ojú. Lọ́jọ́ kejì, ó pè mí lórí fóònù pé òun ti yẹ ara ọmọ wò, kò lé ròrò kankan.

Ní báyìí, ojú mi kò ríran dáadáa mọ́, mo ti fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún àgbà ọmọ iṣẹ́ mi. Ràfíátù ti di obìnrin. Wọ́n gé kókó kékeré kan kúrò nímú rẹ̀ nígbà kan, ibẹ̀ sì jinná. Lẹ́yìn ìrun Mọ̀gáríbì, tí oòrùn bá ti wọ̀, ló ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú nílé wọn.

Tirẹ̀ ni aṣọ tí mo fọwọ́ ara mi rán kẹ́yìn. Ó wọ̀ ọ́, ó yí síwá, ó yí sẹ́yìn níwájú dígí, ó fajú ro.

“Màmá, ó fẹ̀ jù níbàdí. Ẹ bá mi fún un díẹ̀. Ta ló tún ń wọ irú èyí?”

Mo ti gbọ́ ìráhùn oníbàárà títí ó fi sú mi, ṣùgbọ́n èyí dùn mọ́ mi dénú. Mo ní kó dúró gún régé. Mo kó pín-ín-nì sẹ́nu, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un.