Ẹ̀jẹ́ Màmá Jùlíánà

Ọjọ́ tí mo lọ kan ilẹ̀kùn Màmá Jùlíánà, a ti sin wọ́n. Èmi gan-an wà lára àwọn tó kọrin nígbà tí wọ́n ń sọ pósí wọn kalẹ̀, òjò sì pa gbogbo wa. Nítorí náà, nígbà tí ọ́fíìsì ní kí n lọ wò ó bóyá lóòótọ́ ni Màmá ń gbé ní Thamesmead, ní London níbí, mo ní àṣìṣe ni, ẹni yẹn ti kú. Ọ̀gá mi ní rárá o, òun bá obìnrin náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù lánàá, ohùn rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Orí mi wú.

Òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú ni mí ní Woolwich àti Thamesmead. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo ń ṣe tẹ́lẹ̀, ìyàtọ̀ méjèèjì ò sì pọ̀: kan ilẹ̀kùn, rẹ́rìn-ín, má bínú bí wọ́n bá lé ọ. Wọ́n ti dẹ ajá sí mi rí ní Connaught Estate. Àwọn èèyàn wa gan-an ló burú jù. Wọ́n á pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á sé èémí, wọ́n á rò pé agbowó iná ni mí.

Níbí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ń yan ẹni tí yóò díje kí ìdìbò tó dé. Ládùúgbò tí ẹgbẹ́ wa ti rinlẹ̀, ẹni tí wọ́n bá yàn nínú gbọ̀ngàn kékeré yẹn ti wọlé tán. Ẹni tó bá gbọ́n á ti tètè máa kó èèyàn wọ ẹgbẹ́. Ohun tí Uncle Dàpọ̀ ṣe nìyẹn, ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Woolwich, tó fẹ́ di kánsẹ́lọ̀. Ìjọ Aládùúrà kan ń jọ́sìn nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní Thamesmead, onílé sì ti ní kí wọ́n kó jáde. Uncle ṣèlérí pé bí òun bá débẹ̀, òun á bá wọn wá ibòmíràn. Ni gbogbo ìjọ bá fi ẹgbẹ́ tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, wọ́n rọ́ wọnú tiwa. Kò lòdì sófin. Ó wọlé nígbẹ̀yìn, ìjọ sì rílé. Ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n rí i pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tuntun náà, tí orúkọ Màmá Jùlíánà wà lára tiwọn, wà láàyè, pé ibi tí wọ́n pè nílé ni wọ́n ń gbé. Ní gbogbo ilé tí mo dé, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ fún mi: "Ọkàn wa ti kọjá sọ́dọ̀ yín." Àgbà àti ọ̀dọ́, ẹnìkan ò fi kún un, ẹnìkan ò yọ níbẹ̀. Wọ́n á sọ ọ́ tán, wọ́n á máa wò mí títí n ó fi kúrò. Ní ilé àkọ́kọ́ mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín ò wá mọ́.

Aládùúrà lèmi náà, ìjọ wa ló yàtọ̀, mo sì mọ̀ pé ẹ̀jẹ́ wà ńbẹ̀. Ìlérí tí a bá ṣe níwájú àbẹ́là àti omi àdúrà, a kì í fi ṣeré. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ bá kú láìsan án, ọrùn ọmọ rẹ̀ ló ń já lé.

Ilé Màmá kọjú sí adágún omi tó wà ní Birchmere Park. Ọ̀sán ni, ṣùgbọ́n kùrukùru ti bo adágún omi náà débi pé ohùn pẹ́pẹ́yẹ nìkan ni mò ń gbọ́. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn wọ sùtánà funfun, kò wọ bàtà, ó dúró lórí símẹ́ǹtì tútù. Màmá Jùlíánà ni mo kọ́kọ́ rí. Ẹ̀rù bà mí, n ò ní purọ́.

"Bùkọ́lá," ó ní, "wọlé. O ti pẹ́ jù."

Títí ni, ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá bí, tó ń wa bọ́ọ̀sì. Auntie ló ń pè mí látilẹ̀. Ohùn ìyá rẹ̀ ló ń fọ̀ báyìí, ó sì ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún bí ìyá rẹ̀ ti máa ń wọ́ ọ. Tíì gbígbóná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá, aṣọ ìbora sì wà ní ṣíṣí bí ẹni pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀. Mo bi í léèrè ìgbà tó lọ síbi iṣẹ́ kẹ́yìn. Ó ní ọkàn àwọn ti kọjá sọ́dọ̀ wa.

"Títí, ta ló fẹ́ dìbò?"

"Èmi Jùlíánà."

Mo mú un jókòó sídìí tábìlì, èmi náà wá ibi jókòó sí. Mo rọra sọ fún un pé a mọ̀ pé Màmá ti kú, pé orúkọ wọn yóò kúrò nínú ìwé ẹgbẹ́ lónìí. Ojú rẹ̀ yí padà, ohùn tirẹ̀ gan-an sì jáde.

"Auntie, please, ẹ má yọ wọ́n. She promised Uncle Dàpọ̀ her vote, with candle, kò pẹ́ lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n kú. If I don't finish it, níbo ni wọ́n máa wà? Just this selection. After that màá bọ́ aṣọ yìí."

Àánú rẹ̀ ṣe mí gidigidi. Mo lè dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Àmọ́ mo wo ẹsẹ̀ tó ń wọ́ yẹn, ó sì dá mi lójú pé bó bá fi lè dáhùn sí orúkọ ìyá rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn yẹn níṣojú gbogbo èèyàn, Títí ò ní padà wá sílé mọ́.

"Òkú kì í dìbò níbí," mo ní. "Òfin ló dí wọn lọ́nà, kì í ṣe ìwọ. Ẹ̀jẹ́ tí òfin bá dí lọ́nà kì í já lé ọmọ lọ́rùn."

Bóyá ó wà nínú Bíbélì, n ò mọ̀. Ohun tó wá sí mi lẹ́nu nìyẹn.

Ó wò mí títí. "Ẹ sọ fún wọn, then. Èmi ò lè sọ ọ́."

Gbogbo ọdún tí mo ti ń kan ilẹ̀kùn kiri, wọn ò rán mi nírú iṣẹ́ yẹn rí. Mo bọ́ bàtà mi, mo lọ dúró síwájú bẹ́ẹ̀dì.

"Màmá, Bùkọ́lá ni, láti ọ́fíìsì ẹgbẹ́. A ti yọ orúkọ yín. Ẹ ò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan mọ́, ọmọ yín náà ò jẹ. Ẹ máa lọ sinmi."

Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń wọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi, ó gba ọ̀nà ẹnu ilẹ̀kùn lọ. Mo rò pé Títí ni. Nígbà tí mo yíjú padà, Títí ṣì jókòó síbi tí mo fi í sí, ó di tábìlì mú, òun náà ń wo ẹnu ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sùtánà náà lọ́rùn.

"Auntie," ó ní, "Mummy ti kú."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà yẹn ló tó bú sẹ́kún.