Ọ̀rá Orí Ìjókòó Alùpùpù

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí ọ̀rá. Ọ̀rá, ìwọ tí o fẹ́lẹ́ ju ìyẹ́ eṣú lọ, tí o sì ń gbé iyì ọkùnrin dúró ju òpó ilé lọ. Ìwọ lo jẹ́ ká mọ ẹni tó ra tuntun yàtọ̀ sí ẹni tó gba àlòkù. Oòrùn ń lá ọ, o ò rojọ́. Ìdí ọlọ́lá ń làágùn lórí rẹ, o ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọba wọ aṣọ, aṣọ gbó. Ìwọ gbó, wọ́n tún ọ rà.

Bí mo bá ti ṣàṣejù, ẹni tí kò gbé Òkè-Ògùn ní ọdún tí alùpùpù wọ̀lú ni yóò bá mi wí. Ọdún tí ìjọba fi owó kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ni, táwọn àgbẹ̀ tábà náà sì rí ojúure ọjà. Alùpùpù kọ̀ọ̀kan ló máa ń ti ilé-ìtajà dé pẹ̀lú ọ̀rá lórí ìjókòó rẹ̀, a kì í sì í tú u. Ẹni tó bá tú u ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ tuntun di àlòkù. Tíṣà kan wà ní àdúgbò wa tí ọ̀rá tirẹ̀ ya nínú ọyẹ́, tó gbé e lọ bá ẹni tó ń lẹ táyà pé kó bá òun lẹ̀ ẹ́. Ẹni yẹn lẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan ń ṣe wolé-wolé nígbà náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣí ìdérí ìkòkò omi onílé, kó máa wá ìdin ẹ̀fọn, kó sì máa yọjú wo ṣáláńgá olóṣáláńgá. Ẹnu rẹ̀ korò. Ó lè dúró lẹ́nu ọ̀nà ìyá arúgbó kó ní, "Ìyá, òórùn yín ti pàdé mi ní ìta." Ìlú bẹ̀rù rẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ràn rẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ gan-an, mi ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀.

Ọmọ Àlùhájì kan ló fẹ́ fi ṣaya. Àlùhájì yìí ń ta aṣọ. Ó lọ sí Mẹ́kà lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń tibẹ̀ bọ̀ lójoojúmọ́. Gbogbo àga ilé rẹ̀ ló fi ọ̀rá bò, tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò ò fi lè dìde kí àga má pariwo. Ó ti sọ fún ọ̀rẹ́ mi lójú gbogbo ènìyàn pé òun ò lè fọmọ fún ẹni tó ń gun àlòkù. "Ẹni tó bá gba àjẹkù ẹlòmíì lórí alùpùpù," ló wí, "ọjọ́ wo ni yóò mọ iyì ọmọ tuntun?" Wọ́n ti dá ọjọ́ ìdána sí Jímọ̀ tó tẹ̀ lé Iléyá.

Àlòkù sì ni ọ̀rẹ́ mi ń gùn. Mo mọ̀, torí èmi àti òun la jọ lọ rà á ní Ìjió, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ti òdìkejì ààlà wá. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára, àmọ́ ìjókòó rẹ̀ ti fàya tán. Ó gbé e fún ẹni tó ń rán bàtà. Ìyẹn fi koríko gbígbẹ kì í nínú, ó fi àpò ìdọ̀họ bò ó, ó sì kùn ún ní ọ̀dà dúdú. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rẹ́ mi ra ọ̀rá tuntun, tí wọ́n rán an mọ́ ọn lára yípo. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, ó dán ju èyí tó ti ilé-ìtajà wá lọ.

"Ta ló máa mọ̀?" ló bi mí.

"Èmi nìkan," ni mo wí. Kò rẹ́rìn-ín.

Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìlú ló ṣètò eré alùpùpù fún òpin ọ̀sẹ̀ Iléyá ọdún yẹn. Ẹnìkan ti rí i nínú ìwé ìròyìn òyìnbó, bí ọkọ̀ ṣe ń sáré yí ìlú kékeré kan létí òkun, láàárín ilé àti ilé. Àwa náà ní ìlú, àwa náà ní ilé. Òkun nìkan la ò ní. Wọ́n á gbéra níwájú gáréèjì, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ ògiri mọ́ṣáláṣí, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn alágbẹ̀dẹ, wọ́n á wá wọ ọ̀nà tóóró kan láàárín ilé méjì, níbi tí ẹni tó ru igi ìdáná ní láti fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Ìparí ọ̀nà yẹn ká bí ìgbọ̀nwọ́. Níwájú igun náà ni igi òrí kan wà, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n to àga àwọn ẹni ńlá sí, torí ibẹ̀ ni wọ́n á ti rí ìṣubú dáadáa.

Èmi ni wọ́n fún ní gbohùngbohùn. Mo wá sílé fún ìsinmi láti yunifásítì, wọ́n sì gbà pé iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ wa níbẹ̀ ni kéèyàn máa sọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bi í.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fi dán ọ̀nà wò, kí wọ́n lè mọ ẹni tí yóò dúró níwájú. Gbogbo wọn ló ń yọ̀ lórí ìjókòó bí wọ́n bá dé igun yẹn. Mẹkáníìkì tí wọ́n ní kó yẹ alùpùpù wò fi ìbínú ju sípánà sílẹ̀.

"Ẹ tú ọ̀rá yẹn kúrò. Ẹ ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀ lórí rẹ̀."

Wọ́n kùn, wọ́n fajú ro. Nígbẹ̀yìn wọ́n tú u, wọ́n ká a bí ìwé ìgbéyàwó, wọ́n fi sí àpò, kí wọ́n lè dá a padà lẹ́yìn eré. Ó wá ku ọ̀rẹ́ mi.

"Ọ̀gá wolé-wolé, ó ku tiyín."

"Ẹ fi tèmi sílẹ̀."

"Igun yẹn ò mọ òṣìṣẹ́ ìjọba o."

"Mo ní ẹ fi tèmi sílẹ̀."

Àlùhájì wà nítòsí, ó fi tẹ̀sùbáà rẹ̀ juwọ́. "Ẹ fi àna mi lọ́rùn sílẹ̀. Ẹni tó ní tuntun ló ń tọ́jú tuntun. Àwọn tó kù yìí ti ba tiwọn jẹ́." Ó ti ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí rẹ̀ ní Àgọ́-Àmọ́dù pé kí wọ́n wá wo ọkọ ọmọ òun lórí alùpùpù, nítorí náà ọ̀rẹ́ mi ò lè yọ ara rẹ̀ kúrò nínú eré mọ́. Ó wo ojú mi. Mo wo ojú ọ̀run.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ọyẹ́ mú, eruku bo ìlú. Ní igun yẹn gan-an, wọ́n ti fi èèkàn kan awọ àgbò mọ́lẹ̀ kó lè gbẹ, ìyàwó ilé kan sì ń fọ ìfun àgbò tó ṣẹ́kù. Obìnrin yìí ni ọ̀rẹ́ mi pariwo lé lórí lọ́sẹ̀ tó ṣáájú nítorí ìdin nínú ìkòkò omi. Nígbà tó fọ̀ ọ́ tán, ó da omi ọlọ́ràá náà sójú ọ̀nà. Mi ò sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé gọ́tà wà níbẹ̀, wolé-wolé ló sì ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ.

Kí n sọ òótọ́, ó mọ alùpùpù gùn. Òun ló ṣíwájú títí tó fi ku yíyípo kan. Ó ti inú ọ̀nà tóóró náà jáde, ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ láti yà. Alùpùpù yà, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ò yà. Ìdí rẹ̀ ń lọ sí Àgọ́-Àmọ́dù. Òun ṣubú síhìn-ín, alùpùpù ṣubú sọ́hùn-ún, ó ń fi ìjókòó wọ́ lọ lórí àwọn èèkàn. Ọ̀rá ya, àpò ìdọ̀họ ya, koríko sì tú síta níwájú àwọn ẹni ńlá.

Ewúrẹ́ kan jáde láti ìdí ògiri, ó wá síbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìjókòó náà.

Gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ mi. "Ẹ̀yin ará," ni mo wí, "èyí ni wọ́n ń pè ní tuntun. Láti ilé-ìtajà ni wọ́n ti di oúnjẹ ewúrẹ́ sí i."

Ẹ̀rín tó sọ níbẹ̀, mi ò tíì rí irú rẹ̀ gbà mọ́ láti ọjọ́ náà, mo sì ti sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi ti dá, ó wọ́ sábẹ́ rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹlòmíì. Kò dì í mú. Ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́ lọ sídìí alùpùpù, ó sì fi fìlà rẹ̀ bo ojú ibi tí koríko ti ń jáde.

Ìyàwó ilé náà gbé agbada ìfun rẹ̀ nílẹ̀. "Ọ̀gá wolé-wolé, ẹ má fọwọ́ kàn án o. Ó dọ̀tí."

Àlùhájì dìde. Kò wo ẹsẹ̀. Ó wo ìjókòó pẹ́. "Koríko," ló wí. Ó wá yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ẹ bá mi pe ẹni tó ń to eegun fún un. Bó bá ti lè gbọ́rọ̀, ẹ sọ fún un pé lọ́jọ́ Jímọ̀, a ò ní sí nílé."

Ẹni tó gba ife ní kí wọ́n dúró ná. Ó yọ ọ̀rá lápò, ó nà án sórí ìjókòó rẹ̀, kó tó wá gba ife. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, òun ni wọ́n fi ọmọ Àlùhájì fún. Wọ́n ní ọmọ náà sunkún. Ó lè jẹ́ pé òun nìkan ló fẹ́ràn wolé-wolé nílùú.

Wọ́n to ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi, kò tò dáadáa. Ó bẹ ìjọba kí wọ́n gbé òun lọ sí Òkákà, wọ́n gbé e lọ, ṣùgbọ́n orúkọ tí ìlú sọ ọ́ ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Oníkoríko ni àwọn ọmọdé ń pè é, bó bá ń tiro kọjá.

Ó pẹ́ lẹ́yìn náà, mo ti di olùkọ́ ní yunifásítì, kí n tó tún rí i. Èmi àti ìyàwó mi ń lọ sílé fún Iléyá nínú ọkọ̀ wa, a dúró ní Òkákà ra iṣu. Ó tiro sọdá ọ̀nà wá. Ó kí ìyàwó mi, ó na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ọ̀rá tó wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Ọ̀rá náà pariwo.

"O kú oríire," ló wí. "Ṣé tuntun ni?"

Ìyàwó mi ń wò mí.

"Tuntun ni," ni mo wí.

Ó mi orí. Ó ní, "Ó hàn."

Ìjió ni mo ti ra ọkọ̀ náà. Èmi ni mo sì ra ọ̀rá náà, tí mo fún télọ̀ kó bá mi rán an mọ́ ọn.