Ẹja Díndín Ìyá Aránṣọ

Ìyá Aránṣọ ò lè ṣiṣẹ́ kó má gún abẹ́rẹ́ mọ́ àyà aṣọ rẹ̀. Látìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́ lọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn: bó bá dáwọ́ dúró díẹ̀ báyìí, àyà labẹ́rẹ́ ń lọ. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹni tó bá fẹ́ dì mọ́ ìyàwó mi, kó kọ́kọ́ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ abẹ́rẹ́." Àwọn oníbàárà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀sán Sátidé tí mò ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í ṣe ẹ̀rín o.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn, tó gbé ọmọ tirẹ̀ tì í. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, Jẹunjẹun ni gbogbo ilé ń pè é. Ohun tó bẹ ìyá rẹ̀ kó tó lọ ni pé: "Ìyá mi, ẹ bá mi mójú tó o. Òun nìkan ni mo ní."

Jẹunjẹun ní ẹja tó ń dún lẹ́nu lòun fẹ́ jẹ. Ìyá àgbà fi ìránṣọ sílẹ̀, ó wọ ilé ìdáná. Ó yọ egungun ẹja tán pátápátá, ó fi iyọ̀ àti ata pa á lára, ó yí i nínú ìyẹ̀fun, ó rì í sínú ẹyin pípò. Ó wá kó èérún búrẹ́dì gbígbẹ sínú àwo, ó tẹ̀ bá a, ó ń fọwọ́ tẹ ẹja mọ́ ọn títí kò fi síbi tí èérún ò bò. Ẹja wọ òróró gbígbóná, ó dún ṣàà, ó pọ́n rẹ̀rẹ̀. Ó gbé e fún ọkọ rẹ̀ àti Jẹunjẹun, ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó nawọ́ sáyà.

Kò bá abẹ́rẹ́.

"Yéè! Mo gbé o!" Ó já àwo gbà lọ́wọ́ Jẹunjẹun, ó ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ọmọ bú sẹ́kún.

"Kí ló dé?" ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ṣé o ti rẹ́ni tó máa rà á ni?"

"Bàbá, ẹ tu ú dànù! Abẹ́rẹ́ mi ò sí láyà mi!"

"Mi ò tíì fẹnu kàn án. Ó ṣì gbóná fún mi."

Ìyá àgbà fọ́ gbogbo ẹja náà wẹ́wẹ́. Ó sẹ́ òróró. Ó gbálẹ̀, ó gbọn aṣọ ara rẹ̀ yẹ́báyẹ́bá. Kò rí nǹkan kan. Jẹunjẹun sì ti rún odidi ẹyọ kan wómúwómú! Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ, áḿbọ̀sì ọmọ ènìyàn. Jìnnìjìnnì bo ìyá àgbà. Kí ló fẹ́ sọ fún ìyá ọmọ? Pé ẹni tí wọ́n ní kó fẹ́ni lójú ló fata sẹ́nu?

Ọkọ rẹ̀ fi mọ́tò gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, kò sì ṣàwàdà kankan lójú ọ̀nà. Wọ́n gbé ọmọ wọlé lọ ya fọ́tò inú rẹ̀. Ìyá Aránṣọ ò lè jókòó. "Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ mi ló máa pa á," ló ń tún wí ṣáá.

Dókítà gbé Jẹunjẹun jáde. "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sí nǹkan kan nínú ọmọ yìí."

Ìyá Aránṣọ kúnlẹ̀, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́. Ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n máa lọ sílé. Dókítà ò tíì kúrò níbẹ̀.

"Ṣé ẹlòmíràn jẹ nínú ẹja náà?"

Ìyá Aránṣọ ronú padà sí ilé ìdáná. Nídìí iná, nígbà tí èyí àkọ́kọ́ jáde, ta ló bù ú jẹ ní gbígbóná, tó sáré gbé e mì kó má baà jó o láhọ́n, nítorí ó fẹ́ mọ̀ bóyá iyọ̀ tó?

"Èmi ni," ló wí. Ló bá dìde, ó nu ojú rẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ ró. "Èmi mà ni! Háà, ọpẹ́ o!" Ó gbé Jẹunjẹun lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Bàbá, ẹ bá mi gbé e. Dókítà, ẹ jẹ́ ká lọ ya tèmi."

Tẹ̀rín-tẹ̀rín ló bá dókítà wọlé. Ọkọ rẹ̀ ló wá kù tí ò lè jókòó.